Nígbà Tí Bíréèkì Kò Mú Mọ́: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Fún Àìsàn Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá bọ́ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ: 'Bíréèkì rẹ̀ ló já.' Ọ̀rọ̀-ìṣe 'já' yẹ okùn, ó sì yẹ ìjánu ẹṣin. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi Bedford tí a fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ̀lẹ̀kájà, ó ṣọ̀wọ́n kí ohunkóhun já ní tòótọ́. Bíréèkì náà ti ń ṣàárẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún oríṣiríṣi àìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, nítorí pé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ ti wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Àgbá irin kan wà tí ó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Bàtà méjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣúù, wà nínú àgbá náà, a sì lẹ awọ líle mọ́ ẹ̀yìn wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, sìlíńdà àgbà yóò ti ohun olómi gba inú páìpù lọ sí sìlíńdà kékeré tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni yóò ti bàtà síta kí ó lè tẹ̀ mọ́ ògiri àgbá. Bí awọ náà ti ń ha àgbá, bẹ́ẹ̀ ni eré ọkọ̀ ń di ooru. Mo fara mọ́ 'àgbá' ju 'ìlù' lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í lù ú, inú ni iṣẹ́ rẹ̀ sì wà.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mọ àìsàn, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá sì fi ròyìn rẹ̀ ni ìwádìí. Bí ó bá ní pẹ́dàlì 'jìn', ṣùgbọ́n tí ó ń gòkè bí a bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, àlàfo tí ó wà láàárín bàtà àti àgbá ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò lè tún àlàfo yìí ṣe fúnra wọn: a ní láti gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, kí a yí ìdè ìtúnṣe títí bàtà yóò fi kan àgbá, kí a sì dá a padà díẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá 'rọ̀ bíi kànrìnkànrìn', afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. A ó tú u jáde, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tí ó jìnnà jù lọ sí sìlíńdà àgbà. 'Ó ń rì' yàtọ̀ sí 'ó jìn'. Pẹ́dàlì tí ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí rẹ̀ ń sọ pé ohun olómi ń jò síta, tàbí pé rọ́bà inú sìlíńdà àgbà kò dí mọ́. Bí pẹ́dàlì bá sì 'le ṣùgbọ́n kò mú', kí a tú àgbá wò: bóyá gíríìsì ti ta sí awọ bàtà. Nígbà tí a bá tú u, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ awọ bàtà àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí a fi rin ín, kí a sì nù ún.

Àìsàn kan wà tí ń tan mẹkáníìkì jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, ooru ń mú àgbá fẹ̀ kúrò lára bàtà, awọ náà sì ń pàdánù agbára ìdìmú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohun gbogbo ti tutù, a kò sì rí àléébù kankan. Mo dábàá 'àárẹ̀ ooru' fún un.

Ó ku orúkọ ohun olómi náà, èyí tí mo ti ń yẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, 'bíréèkì ọ́ìlì' ni. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ ní 'epo bíréèkì' ti sọ fún ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ pé epo ẹ́ńjìnì lè rọ́pò rẹ̀. Glycol ni a fi ń ṣe DOT 3 àti DOT 4 tí a ń tà, kì í ṣe epo. Epo ẹ́ńjìnì ń mú rọ́bà inú sìlíńdà wú, ó sì ń bà á jẹ́. 'Omi bíréèkì' kò sàn jù ú lọ. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé dígírì 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius; bí ó bá ti fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, ó lè hó ní 140, oru rẹ̀ a sì mú kí pẹ́dàlì lọ sílẹ̀ pátápátá. 'Oje bíréèkì' ni mo fara mọ́. Oje igi kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe epo, kò sì sí ẹni tí ń fi oje igi kan rọ́pò ti èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti da epo sí i, fífọ páìpù nìkan kò tó. Gbogbo rọ́bà tí ó wà láti sìlíńdà àgbà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó pààrọ̀ kí ọkọ̀ náà tó tún gbé ẹrù.