Ebi Iná Ló Ń Pa Káàdì Yẹn

Kọ̀ǹpútà tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Kíá, wọ́n á ní graphics card ti jóná, wọ́n á sì máa wá owó òmíràn kiri. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà mọ́nítọ̀ wọ̀. Bó bá jẹ́ ara motherboard ló wọ̀, tí kì í ṣe ara káàdì, ẹ yí i síbi tó yẹ. Àwòrán lè yọ lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá yọ, ẹ yẹ ibi tí káàdì ti ń jẹun wò. Ihò tó jókòó sí lára motherboard kò lè fún un ju 75 wọ́ọ̀tì lọ. Káàdì tó lágbára ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wáyà mìíràn fi ń ti inú power supply wá bá a: oní-pin 6 ń gbé 75 wọ́ọ̀tì, oní-pin 8 ń gbé 150. Wáyà oní-pin 8 ti processor jọ ti káàdì, àmọ́ ibi tí 12 volt wà lára ọ̀kan, ibẹ̀ ni ground wà lára èkejì. Bí wáyà kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fipá tì í. Ẹ má sì yá wáyà power supply kan fún òmíràn, kódà bí orí wọn bá dọ́gba.

Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni 12VHPWR, orí wáyà tó wà lára RTX 4090 tí Nvidia gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Káàdì yìí ń jẹ 450 wọ́ọ̀tì. Ní 12 volt, ampere 37.5 nìyẹn, tó ń gba pin kéékèèké mẹ́fà kọjá. Bó bá ku díẹ̀ kí orí wáyà wọlé tán, ibi tí irin ti kan irin á kéré, ooru á máa gorí ooru, rọ́bà á sì yọ́. Nvidia ní ohun kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn káàdì tí wọ́n yẹ̀ wò ni pé àwọn tó ń lò ó ò ti orí wáyà wọlé tán. Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kan ẹni tó ṣe é: ohun tí kò tíì wọlé dáadáa kò yẹ kó máa gbé gbogbo iná. PCI-SIG, àjọ tó ń ṣètò ìlànà orí wáyà yìí, tún un ṣe ní 2023. Nínú 12V-2x6 tó rọ́pò rẹ̀, wọ́n gé àwọn pin tín-ín-rín tó ń sọ iye iná tí káàdì lè fà kúrú, kí káàdì má baà fa iná bí wáyà kò bá wọlé tó.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan káàdì tàbí wáyà rẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ lára iná ògiri, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná kí iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ ìkọ́ kékeré ìdí káàdì, ẹ yọ káàdì, ẹ tún un tì padà títí ìkọ́ á fi dún “kẹ́”. Ẹ ti orí wáyà títí àlàfo kankan ò fi ní hàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà lọ tààrà díẹ̀ kó tó tẹ̀.