Ẹ̀rọ Géèmù Wà ní Ìfọ́n, Kásẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Wà ní Ìlobùú

Bí wọ́n bá dárúkọ ohun àtijọ́ létí ọmọ Yorùbá, ère ìbejì, ọpọ́n Ifá àti oṣé Ṣàngó ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kí ó rí, pàápàá ní Ìlobùú, nítorí ère igi ìlú náà ni Ulli Beier, ará Jámánì tó ti gbé ibẹ̀ rí, kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé sọ lónìí kò dàgbà tó ère, kò sì sí ẹni tí í bọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá rí bí àwa ọmọdé ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà kan, ẹ ó ní òrìṣà ni. Géèmù inú tẹlifíṣọ̀n ni.

Ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ìyá mi. Ẹni tí kò mọ agbègbè wa lè rò pé ìrìn-àjò ni láti ìlú kan dé èkejì. Rárá o. Lóòótọ́, Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òrólù, ṣùgbọ́n ilé fara kan ilé ni ìlú méjèèjì. Àlejò tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí wọ́n bá fi hàn án.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, ọkùnrin ará Ìfọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Géèmù ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀rọ kan, tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun kan, bẹ́ǹṣì gígùn méjì, ó tán. Náírà 5 ni owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò dìde, ẹni tó nà á ni yóò jókòó de ẹlòmíràn. Bí NEPA bá mú iná lọ, kò sí owó dídá padà, a ó jókòó sínú òkùnkùn títí wọn ó fi mú un wá. Ẹ̀yin àgbà ń bínú sí wa nígbà náà pé a ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jọ̀wọ́, ṣebí bí ẹ ti ń ṣe nídìí ayò náà nìyẹn: ihò 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta jókòó, òpè dìde, àwọn òǹwòran sì ń pariwo ju àwọn tó ń ta á lọ?

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù kò lè mọ irú ẹ̀rọ tí mò ń wí. Ilé iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ló gbé èyí tó jẹ́ bàbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1983, Famicom ni wọ́n pè é. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ tiwa kì í ṣe ojúlówó. Àdàkọ ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà àti Taiwan, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni Mario wà, ọkùnrin kúkúrú onítúbọ̀mu tí wọ́n fi géèmù Super Mario Bros. sọ di gbajúmọ̀ ní ọdún 1985. Contra náà wà níbẹ̀, ogun àjàkú-akátá!

Ẹni tí òbí rẹ̀ bá rí jájẹ a máa ní géèmù bíríkì tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó ń lo bátìrì. Ará Rọ́ṣíà kan, Alexey Pajitnov, ló dá géèmù Tetris tí wọ́n wò ṣe é sílẹ̀ ní Moscow ní ọdún 1984. Wọ́n a kọ ọ́ sára tiwa pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ funfun báláú! Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, wọ́n kàn ń yí eré sísá rẹ̀ padà tí wọ́n sì ń kà á ní òmíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pátákó. Ọmọ Ìlobùú kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò akẹ́rù ni Bọ̀dá Géèmù gbé iṣẹ́ pátákó ṣọ́ọ̀bù náà fún. Ó ní kí ó ya Mario sí i. Ayàwòrán wa kò rí Mario rí ju bí èékánná ọwọ́ lọ, lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ó yà á bẹ́ẹ̀. Túbọ̀mu pé, ikùn pé, ṣùgbọ́n fìlà abetí-ajá ló fi dé e lórí, ó sì kọ ilà gọ̀ǹbọ́ fún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Nílẹ̀ òkèèrè lónìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé yíya àwòrán àwọn ará inú géèmù àtijọ́ ni ìfẹ́ ọkàn wọn, wọ́n ń pàtẹ rẹ̀, wọ́n ń tà á. Mo ti wo púpọ̀ nínú rẹ̀. N kò tíì rí èyí tó wù mí tó Mario onígọ̀ǹbọ́ yẹn.

Nígbà tí PlayStation gbòde, tí àwọn ọmọ kò fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́, Bọ̀dá Géèmù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó jẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlobùú lówó, ló bá kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì fún un dógò. Ẹ̀rọ wà ní ilé rẹ̀ ní Ìfọ́n, nígbà tí ó sì kú, ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ó jogún rẹ̀.

Ọmọ adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Jerry Lawson, ni olórí àwọn tó ṣe Channel F, ẹ̀rọ géèmù ilé tó kọ́kọ́ ní kásẹ́ẹ̀tì tó ṣe é yọ kí a sì fi òmíràn bọ̀ ọ́, ní ọdún 1976. Ṣáájú ìgbà náà, géèmù tí wọ́n bá ṣe mọ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọgbọ́n Lawson ni géèmù fi kúrò lára ẹ̀rọ. Òun náà ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ lè wà ní Ìfọ́n kí kásẹ́ẹ̀tì wà ní Ìlobùú, tí ọ̀kan kò ní wúlò láìsí èkejì. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Iléyá, a máa ń kó wọn pọ̀, a ó pa àwọn ọmọ wa tì, a ó máa ta géèmù bí ẹni tí kò ní iṣẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ tó ti pẹ́ láàárín ìlú méjèèjì ru sókè. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀. N kò ní dá ẹjọ́ ilẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ bàbá níhìn-ín, ọmọ ìyá lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n tẹ̀ sí? Ọ̀rẹ́ mi gbé ìyá rẹ̀ sá lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí ó padà, iyàrá ìyá ti jóná, páálí kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ibùsùn ní iyàrá kejì sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iléyá ọdún náà dé, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí ẹnì kejì.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú nítorí páálí kásẹ́ẹ̀tì, àbí ó lówó lórí ni? Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n ta kásẹ́ẹ̀tì Super Mario 64 kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì Atari tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ní Alamogordo ní ọdún 1983 nítorí pé wọn kò tà, wọ́n lọ hú wọn jáde ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn sì ń du rírà wọn. Ẹ má tìtorí èyí ta ewúrẹ́ yín láti fi ra géèmù o! Èyí tó gba mílíọ̀nù náà, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ọ̀rá ara rẹ̀ rí. Tiwa jẹ́ àdàkọ, ọmọdé ti fi ẹ̀kọ pa á lára, èéfín sì ti gbà á. Lọ́jà gbàǹjo, kò tó owó oúnjẹ.

Mo sáà ń lọ, mo sì ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn méjèèjì gbà láti pàdé ní Òṣogbo, ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Ọmọ Ìfọ́n kọ́kọ́ dé, ó gbé ẹ̀rọ sínú àpò ìrẹsì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìwọ náà kú ọjọ́ mẹ́ta. O ti sanra."

"Màmá ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà. Iyàrá wọn ló jóná."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò ló gbà wá sílẹ̀, ó ní kí a gbé iṣẹ́ wá.

Kásẹ́ẹ̀tì 23 ni ó wà nínú páálí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán wọn wò, mẹ́ta péré ló ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọ̀kan sẹ́nu, ó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i bí a ti ń ṣe láyé ijọ́un, oníṣẹ́ rédíò sì gbá a lọ́wọ́. Ó ní omi ẹnu ni ó ń ba eyín kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Pé yíyọ tí a ń yọ ọ́ tí a tún ń kì í bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe atẹ́gùn. (Nintendo pàápàá ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.) Ó fi òwú àti sípíríìtì nu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 14 sì jí. Contra wà lára wọn.

Pátákó ńkọ́? Ó wà ní Ìfọ́n. Ìyàwó ilé kan ń fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. A ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kí a kọ́kọ́ ra ilẹ̀kùn mìíràn wá.

Páàdì ni ìṣòro tó kù. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ti kú pátápátá, ẹni méjì sì ni Contra ń fẹ́ kí wọ́n jọ máa yìnbọn sí ọ̀tá kan náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùkàwé bá ní páàdì géèmù àtijọ́ ní òkè àjà, èyí tí ẹnu wáyà rẹ̀ ní ihò 9, ẹ má jù ú sí ààtàn. Èyí tó ní ihò 15 kò bá tiwa mu.