Yannick Noah

Yannick Noah (ọjọ́ìbí 18 oṣù karùn-ún ọdún 1960) jẹ́ agbá tẹ́nìs ará Fránsì tó ti fẹ̀yìntì, tó sì di olórin lẹ́yìn náà. Òun ló gba ife-ẹ̀yẹ ọkùnrin ẹnìkan nínú ìdíje Open Fránsì ní ọdún 1983. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ọkùnrin ará Fránsì mìíràn tó gba ife-ẹ̀yẹ ẹnìkan nínú ìdíje Grand Slam kankan.

Ìgbà èwe

Ìlú Sedan, ní àríwá ìlà-oòrùn Fránsì, ni wọ́n bí Noah sí. Ọmọ Kamẹrúùnù ni bàbá rẹ̀, Zacharie Noah, agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ikọ̀ Sedan tó gba ife-ẹ̀yẹ Fránsì ní ọdún 1961. Ọmọ Fránsì ni ìyá rẹ̀, Marie-Claire, tí í ṣe olùkọ́. Noah ṣì kéré nígbà tí ẹbí náà kó lọ sí Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, níbẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ti ń gbá tẹ́nìs.

Ní ọdún 1971, Arthur Ashe, agbá tẹ́nìs aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dé Yaoundé nínú ìrìn-àjò rẹ̀ sí Áfríkà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọdékùnrin náà. Ẹ̀bùn ọmọ náà wú u lórí, ó sì sọ nípa rẹ̀ fún Philippe Chatrier, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tẹ́nìs ilẹ̀ Fránsì. Láìpẹ́, wọ́n mú Noah lọ sí Nice láti kọ́ ìwé àti tẹ́nìs pọ̀. Kí ẹ̀bùn náà má baà ṣòfò, ọmọ náà ní láti fi ilé àti òbí sílẹ̀.

Open Fránsì ọdún 1983

Orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń gba Open Fránsì. Ilẹ̀ yìí máa ń dín eré bọ́ọ̀lù kù, nítorí náà ọ̀pọ̀ agbá tẹ́nìs a máa dúró sẹ́yìn, wọn a sì máa fi sùúrù dá bọ́ọ̀lù padà. Noah kò gbá a bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fi agbára gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sọdá, á sáré súnmọ́ àwọ̀n láti parí ayò náà kíákíá. Ó borí Ivan Lendl, ẹnì kan ṣoṣo tó gba sẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdíje náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ó borí Mats Wilander ará Swídìn, tó gba ife-ẹ̀yẹ náà ní ọdún tó ṣáájú, pẹ̀lú 6–2, 7–5, 7–6. Bàbá rẹ̀ bọ́ sórí pápá, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra. Ọdún 37 ti kọjá láti ìgbà tí Marcel Bernard, ọmọ Fránsì, ti gba ife-ẹ̀yẹ náà ní ọdún 1946.

Ní ọdún 1984, Noah àti Henri Leconte gba ife-ẹ̀yẹ ẹni méjì-méjì nínú ìdíje yìí kan náà. Ní ọdún 1986, ó dé ipò kẹta lágbàáyé nínú ẹnìkan, ó sì dé ipò kìíní nínú ẹni méjì-méjì. Àpapọ̀ ife-ẹ̀yẹ tó gbà jẹ́ 23 nínú ẹnìkan àti 16 nínú ẹni méjì-méjì.

Olórí ikọ̀

Noah wà nínú ikọ̀ Fránsì tí Amẹ́ríkà borí nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Davis ní Grenoble ní ọdún 1982. Ní ọdún 1991, òun ni olórí ikọ̀ náà nígbà tí Leconte àti Guy Forget borí Amẹ́ríkà ní Lyon. Fránsì kò tíì gba ife-ẹ̀yẹ náà láti ọdún 1932. Lábẹ́ rẹ̀, Fránsì tún gbà á ní ọdún 1996 àti 2017, ikọ̀ àwọn obìnrin sì gba ife-ẹ̀yẹ tiwọn ní ọdún 1997.

Lẹ́yìn tẹ́nìs

Orin rẹ̀ "Saga Africa" jáde ní ọdún 1991. Ní ọdún 1996, ó dá ẹgbẹ́ Fête le Mur sílẹ̀, èyí tó ń fún àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní àǹfààní láti gbá tẹ́nìs. Ọmọ rẹ̀, Joakim Noah, gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nínú NBA ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2005, wọ́n fi orúkọ Yannick Noah sí Gbọ̀ngàn Ọlá Tẹ́nìs Àgbáyé, níbi tí orúkọ Arthur Ashe ti wà láti ọdún 1985.