Kí Ẹ Tó San Owó Motherboard: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Yín

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní OOU, Àgọ́-Ìwòyè, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ káalẹ́ sà. Ańkù, laptop mi ò rí Wi-Fi mọ́, kò sì dún mọ́. Ẹnjiníà ní motherboard ẹ̀ ló kú, wọ́n ní kí n mú ₦45,000 wá." Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù tó máa fi project ẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́, inú laptop yẹn náà sì ni project wà.

Ìbéèrè kan ni mo bi í: "Kí lo ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀?" Ó kọ́kọ́ ní òun ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá ló rántí pé ọ̀rẹ́ òun kan ló bá òun gbé app ọ̀fẹ́ kan sí i, èyí tí wọ́n ní ó máa sọ gbogbo driver di tuntun kí laptop lè máa yára. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Wi-Fi àti ohùn ti jọ lọ.

Ẹ gbọ́ ná. Nǹkan méjì tí kò bára tan, ó ṣòro kí wọ́n ṣàdédé kú lóru ọjọ́ kan náà. Ká tó ka motherboard lẹ́bi, app yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mú. Ohun tá a ṣe nìyẹn, orí fóònù la sì ti ṣe é. Kò tó wákàtí kan tí laptop fi padà bọ̀ sípò, ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside ló ti san irú owó yẹn rí láìnídìí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Dírẹ́bà tí kì í wa mọ́tò

Tí wọ́n bá ní driver nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má ro ti dírẹ́bà ọkọ̀. Ògbufọ̀ ni. Windows ń sọ èdè tiẹ̀, káàdì Wi-Fi ń sọ tiẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde náà ń sọ tiẹ̀. Driver ló dúró láàárín wọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Tí ògbufọ̀ ò bá sí nílé, tàbí tó jẹ́ ògbufọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n mú wá, ara ẹ̀rọ lè le koko, síbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Ìyẹn ló fà á tí àìsàn méjì yìí fi ń jọra lójú: ẹ̀rọ tó bàjẹ́, àti ẹ̀rọ tí kò ní ògbufọ̀. Owó ìkíní lè pọ̀. Ìkejì kì í sábà ju dátà díẹ̀ lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣàdédé ń kú káàkiri ayé, tí ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbéra, tí ilé ìwòsàn àti báńkì kan dúró gbagidi. Fáìlì kan tó ní àṣìṣe, tí iléeṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí driver wọn, ló fa gbogbo ẹ̀. Microsoft fúnra wọn ní kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kò sí motherboard tó jó nínú wọn. Ohun tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe ni pé kí wọ́n wọ Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì yẹn rẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo Device Manager

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, kí ẹ wá mú Device Manager. Gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà yín ló tò síbẹ̀. Èyí tó bá ní àmì yẹ́lò lára, òun ló ń ké. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí nọ́ńbà kan:

- Code 28: kò ní driver rárá. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tuntun sí i.
- Code 22: ẹnìkan ló pa á. Ẹ mú Enable device, ó parí.
- Code 10: kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, driver ni kò bá a mu.
- Code 43: ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló ní ara òun ò yá, ni Windows bá dá a dúró. Ó lè jẹ́ driver, ó sì lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́.
- Code 45: Windows ò rí i mọ́. Ẹ wo wáyà tàbí ojú ibi tó ti wọlé.

Ohun tó ṣe ọmọ wa ni pé app yẹn ti fi driver tí kò bá laptop ẹ̀ mu rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ yọ app náà kúrò. Lẹ́yìn náà, kó ṣí Properties Wi-Fi, kó lọ sí Driver, kó tẹ Roll Back Driver. Ìyẹn á dá ògbufọ̀ àtijọ́ padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohùn náà, ó pa laptop, ó tún un tàn. Ó parí.

Tí Roll Back ò bá ṣe é tẹ̀, ẹ mú Uninstall device, kí ẹ restart. Windows á gbìyànjú láti wá òmíràn fúnra ẹ̀. Ẹ tún wo Optional updates nínú Windows Update, driver máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

"Wi-Fi ni ò ṣiṣẹ́, báwo ni mo ṣe máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti wá driver?" Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ laptop, kí ẹ tan USB tethering. Windows á máa lo dátà fóònù yín.

Orí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe laptop ni kí ẹ ti gbé driver. Ti Dell ń béèrè Service Tag, HP àti Lenovo ń béèrè serial number. Abẹ́ laptop ló wà. Tí ẹ ò bá mọ ẹ̀rọ tó jẹ́, ẹ lọ sí Details nínú Properties, ẹ mú Hardware Ids. VEN_8086 ni Intel, VEN_10EC ni Realtek, VEN_14E4 ni Broadcom. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn app ọ̀fẹ́ tó ní òun máa tún gbogbo driver ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́?

Ẹ pa laptop, ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ BIOS. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, F2 ni. Lórí ọ̀pọ̀ HP, F10 ni. Windows ò tíì dé ibẹ̀ yẹn rárá. Tí kíbọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nínú Windows, ara ẹ̀ yá, ìṣòro wà lọ́dọ̀ Windows. Tí ilà bá wà lójú skírìnì látinú BIOS, kì í ṣe ọ̀rọ̀ driver mọ́.

Tí kò bá tàn rárá lẹ́yìn tí iná ti mú un lọ mú un bọ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣe é yọ, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bíi 30 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ dá ṣájà nìkan padà, ẹ tún gbìyànjú ẹ̀. Iná tó kù nínú ẹ̀ ló máa ń há nígbà míì.

Tó bá ń dún píì-píì tí skírìnì sì dúdú, ẹ fura sí RAM. Ẹ yọ iná àti bátìrì kúrò, ẹ fọwọ́ kan irin láti lé iná ara yín lọ, kí ẹ yọ RAM, kí ẹ rọra fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu ẹsẹ̀ ẹ̀, kí ẹ dá a padà kó wọlé dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ogun Waterside, láti Àbígí títí dé etí òkun, ẹ fetí sí èyí gan-an. Ọ̀rinrin ibẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn òkun sì ń gbé iyọ̀. Méjèèjì ló ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ má fi laptop sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́jú.

Tí ọjọ́ àti aago bá ń padà sẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án, tí ìkànnì sì ń sọ pé kò sí ààbò, bátìrì kékeré inú ẹ̀ ló ti kú. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́ nínú desktop, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Tí hard disk bá ń dún ká-ká-ká, ẹ má ṣe àyẹ̀wò kankan o. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde. Àyẹ̀wò lè jẹ́ ohun tó máa pa á pátápátá.

Tí bátìrì bá sì wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ yọ ṣájà, ẹ pa á, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó lè gbiná. Ti ẹnjiníà nìyẹn.

Kí ẹ tó ra tọ̀kunbọ̀

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, RAM 4GB àti àyè 64GB ó kéré tán, ọ̀pọ̀ Intel tó sì wà ṣáájú ìran kẹjọ ni kò gbà. Tí ẹni tó ń tà bá fi Windows 11 tipátipá sórí laptop àtijọ́, àìbáramu driver lè máa yọ yín lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ ṣí Device Manager níwájú ẹni tó ń tà kí ẹ tó sanwó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Mi ò ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà o. Àwọn tó mọṣẹ́ pọ̀ láàárín wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú nọ́ńbà code dání, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó bàjẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n pé: "Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé motherboard ni?" Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣàlàyé. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ gbé laptop yín.

Ọmọ wa fi project ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Àmọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti ní kó kó ẹ̀dà ẹ̀ sórí flash, kó tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí email ara ẹ̀. Driver ṣe é tún gbé, motherboard ṣe é rà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí kò ní ẹ̀dà, tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ ṣe tiyín lálẹ́ òní.