Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀: Bí A Ṣe Ń Rà Á, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sunday. Voice note mẹ́ta ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa.)

VOICE NOTE KÌÍNÍ

   

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe márúwá o, èyí tí wọ́n ń pè ní A Daidaita Sahu ní Kano níbí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń sọ, básíkù tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ohun èlò rẹ̀ ni mò ń tà. Ẹ má rò pé mo fẹ́ polówó ọjà o. Ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó. Láti 2013 tí ìjọba ti ní kí achaba má gbé èrò mọ́ nígboro Kano, ẹsẹ̀ àti márúwá ló kù fún ọ̀pọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ fò sókè. Ká ní ₦300 lẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ₦300 lẹ fi ń bọ̀. ₦600 nìyẹn lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ó di ₦15,600. Lọ́dún kan, ₦187,200. Ẹlòmíì nínú wa, owó ọjà tó fi bẹ̀rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń bá oníbàárà fa ₦50, ẹ wo ohun tó ń jò lẹ́yìn wa!

Ó dáa. Irú kẹ̀kẹ́ wo la fẹ́ rà?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo ni mo fẹ́ máa gùn ún lọ? Kano tẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà rárá, irú èyí tó dúró gbọọrọ tí táyà rẹ̀ ga, tó ti bọ́ọ̀dù aṣọ dé Sabon Gari. Ẹ̀yin ará Jos, òkè pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ra oní jíà. Wọ́n á ní jíà 21 ni, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Iwájú ní mẹ́ta, ẹ̀yìn ní méje, méje lọ́nà mẹ́ta ni. Kéèyàn mọ bó ṣe ń lo bíi mẹ́rin nínú rẹ̀, ó ti tó.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ràn èyí tó ní ṣọ́kù níwájú àti láàárín. Fún ẹni tó ń lọ sọ́jà, ìnira ni. Ó wúwo, gbogbo agbára tẹ́ ẹ bá fi tẹ pẹ́dàlì ló ń gbé mì, tí ṣọ́kù tókùnbọ̀ bá sì ti bàjẹ́, kì í rọrùn láti rí irú rẹ̀ pààrọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ń tà á, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, kódà èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́. Ẹ fi kan ara kẹ̀kẹ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Irin wúwo díẹ̀, àmọ́ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lè jó o padà tó bá dá. Tí kò bá lẹ̀, aluminium ni. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, àmọ́ tó bá ti ṣán, kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o kó sì mú. Fún ẹni tó fẹ́ máa fi gbé ẹrù, irin ni mo máa ń júwe.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀pá ti pàdé. Tí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ká jọ tàbí tó ti là, kẹ̀kẹ́ yẹn ti fi orí sọ nǹkan rí. Ẹ máa lọ.

2. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Tí ọrùn bá ń dún kó-kó-kó, ó ti tú tàbí bẹ́ríìnì rẹ̀ ti jẹ.

3. Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ yí táyà. Ẹ tẹjú mọ́ ríìmù níbi tó ti ń kọjá láàárín rọ́bà bíréèkì. Tó bá ń rìn bí ọ̀mùtí, sípóòkù ti dẹ̀ tàbí ó ti já.

4. Ẹ di apá pẹ́dàlì mú, kẹ́ ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ mì.

5. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Tókùnbọ̀ lè ní eyín táyà rẹ́kẹrẹ̀kẹ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn ibí ò ní jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ gba rìsíìtì o. Kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní rìsíìtì lè gbé yín dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má sì ná gbogbo owó yín tán lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún túùbù, wáyà bíréèkì àti rọ́bà rẹ̀.

VOICE NOTE KEJÌ

Ìyá wa kan béèrè nísàlẹ̀ pé òun fẹ́ rà á fún ọmọ òun tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, ṣé kí òun ra èyí tó tóbi kó lè dàgbà bá a. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bàtà tá a lè ki òwú sí níwájú. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀, ọjọ́ tí mọ́tò bá yọ sí i ló máa mọ̀. Ẹ ní kó dúró kí ọ̀pá àárín wà láàárín itan rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín òun àti ọ̀pá yẹn. Ìjókòó lẹ máa gbé sókè bó bá ṣe ń dàgbà.

Ìjókòó náà ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán. Tẹ́ ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ní orúnkún ń dun àwọn torí kẹ̀kẹ́, ìjókòó wọn ló wálẹ̀ jù.

Àwọn ohun tó yẹ ká fi sára rẹ̀: aago, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méje alẹ́, iná ẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Akoto fún orí. Mọ́gáàdì nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ṣéènì àti àgádágodo tó nípọn, kẹ́ ẹ fi de ara kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó, kì í ṣe táyà nìkan, torí wọ́n á tú táyà sílẹ̀ fún yín, wọ́n á gbé ìyókù lọ.

Káríà ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ dè é kó le. Ẹrù tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ò ní gbọ́ràn mọ́. Túùbù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa jù láti fi dì í, àmọ́ ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú, kó má baà wọ sípóòkù. Kẹ́ ẹ sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún, torí ọ̀tún ni ṣéènì wà.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan la fi ń gùn ún o. Láàárọ̀ Sunday tí mọ́tò ò pọ̀, èmi àtàwọn ọmọ máa ń gba Airport Road lọ bọ̀. Ẹ mú omi dání, kẹ́ ẹ padà kí oòrùn tó mú. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí mọ́tò ń kọrí sí ni kí ẹ̀yin náà kọrí sí.

VOICE NOTE KẸTA

Mo ní ẹ ó gbọ́ ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbé páálí lọ fún oníbàárà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló ti sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, bíréèkì ẹ̀yìn ò mú.” Mo ní tó bá di Sátidé. Èmi tí rọ́bà bíréèkì kún inú káńtà mi! Ó di Fúráìdé, àgùntàn kan já wọ títì, ọmọ yìí di bíréèkì iwájú tó kù mọ́wọ́ ṣinṣin, kẹ̀kẹ́ ta á ré kọjá ọwọ́ rẹ̀. Eyín méjì lọ. Èmi ni mo pe màmá rẹ̀ nílé. Ohun tí mo sọ fún wọn lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mi ò lè tún un sọ níbí. Rọ́bà tí mi ò pààrọ̀ yẹn, owó rẹ̀ ò tó ti márúwá àlọ àtàbọ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe nǹkan mẹ́ta yìí láràárọ̀, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tẹ táyà. Ẹ di bíréèkì méjèèjì mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́. Tí ọwọ́ bíréèkì bá kan áńdù, ẹ má gùn ún. Ẹ wo ṣéènì.

Afẹ́fẹ́: ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ PSI sí. Táyà tó rọ̀ máa ń mú kí kẹ̀kẹ́ wúwo, kòtò á sì máa gé túùbù mọ́ ríìmù. Tó bá jò, tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó jò nínú omi, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fá a, ẹ fi sọlúsọ̀n sí i, kẹ́ ẹ ní sùúrù kó fẹ́ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó dá túùbù padà, ẹ rọra fi àkísà nu inú táyà. Ẹ̀gún tó gún un lè ṣì wà níbẹ̀.

Ṣéènì: ẹ nu eruku kúrò, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sí i, ẹ yí pẹ́dàlì, kẹ́ ẹ wá nu èyí tó kù lójú kúrò. Inú ló nílò ọ́ìlì, kì í ṣe ìta. Lásìkò ọyẹ́, ṣéènì tí ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀ á gbá eruku mọ́ra, eruku yẹn ni yóò máa lọ eyín fíríì bí ata. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ ní téèpù: ẹ wọn ṣéènì láti àárín píìnì kan. Tó bá jẹ́ tuntun, ínṣì 12 gééré á bọ́ sí àárín píìnì míì. Tó bá ti fi ìdá mẹ́rìndínlógún ínṣì kan kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kó tó ba eyín jẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn: pẹ́dàlì òsì, òdì ni eyín rẹ̀. Apá ọ̀tún la máa ń yí i sí ká tó lè tú u. Àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ títì tí kò mọ̀ ti fi sípánà ba apá pẹ́dàlì ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ dúró tì wọ́n.

Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. A ti fi eyín míì sí i. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń di bíréèkì gbogbo kẹ̀kẹ́ mú wò, tèmi náà. Mi ò tíì tún sọ fún un pé tó bá di Sátidé.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ọjà á tà o.