Bí Kóòtù Bá Dá Yín Sílẹ̀, Ẹ Gba Ìwé Yín

Ẹ ní báwo lèèyàn ṣe ń yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ọ̀daràn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Wọ́n ní mo ra ọjà olè. Kóòtù ní mi ò jẹ̀bi. Mo bá ayọ̀ lọ sílé, mi ò gba ìwé kankan. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, mo ní kí ọlọ́pàá fún mi ní ìwé ẹ̀rí ìwà tí mo fẹ́ fi rìnrìn àjò, ìka tí mo tẹ̀ bá tún gbé ẹ̀sùn yẹn jáde.

Òfin ACJA ti 2015 ní kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rí i pé ìdájọ́ kóòtù dé ibi àkọsílẹ̀ àgbà ọlọ́pàá láàárín 30 ọjọ́. Tí kò bá débẹ̀, ẹ̀sùn nìkan ni wọ́n á máa rí. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, kí lọ́yà fi kọ̀wé sí wọn. Ohun témi náà padà ṣe nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ńkọ́? Ọdún kì í ṣàdédé pa á rẹ́ o. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni, àbí ìdáríjì: Ààrẹ fún òfin àpapọ̀, gómìnà fún ti ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á gbowó bá yín pa á rẹ́, ẹ sá fún un.