Ọpọ́n Ayò Nínú Kọ̀ǹpútà Kékeré

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó fẹ́ fi èdè C kọ ètò fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a tò sórí pátákó kan ṣoṣo mu.

Dennis Ritchie ni ó dá èdè C sílẹ̀ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ MOS Technology gbé KIM-1 jáde. Gbogbo àyè tí KIM-1 ní láti kọ nǹkan pa mọ́ sí kò ju báìtì 1,152 lọ. Báìtì kan kò sì lè gba iye tí ó kọjá 255. Nínú 1,024 tí ó jẹ́ olórí àyè náà, 256 àkọ́kọ́ wà fún iṣẹ́ kíákíá. 256 tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tí yóò padà sí. Ó wá ku 512.

KIM-1 kò lè tú èdè C fúnra rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ńlá ni a ti ń fi cc65 tú u sí èdè ẹ̀rọ, kí a tó gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọpọ́n ayò ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n ń ta ní Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ihò 12 ni, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, àpapọ̀ 48. Ẹni tí ó bá fi int ka ihò kọ̀ọ̀kan yóò ná báìtì 24. Unsigned char yóò ná 12 péré, nítorí pé ọmọ ayò 48 kò lè kún báìtì kan. Bí ètò náà bá ń ro ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú, tí ó ń pa ọpọ́n mọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ yóò jẹ 240, ti èkejì yóò jẹ 120. Iṣẹ́ tí ó ń pe ara rẹ̀ léraléra tún ń jẹ àyè; àyípo lásán sàn jù ú lọ. Kí a sì yẹra fún printf, nítorí ẹrù rẹ̀ wúwo.

Ẹni tí ó bá rò pé àyè kékeré kò lè bí iṣẹ́ ńlá, kí ó rántí Peter Jennings, ẹni tí ó kọ eré ṣẹ́ẹ̀sì, Microchess, fún KIM-1 kan náà ní 1976. Èdè ẹ̀rọ ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe C.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì gbó. Arduino Uno tí ó jáde ní 2010 ní báìtì 2,048 péré fún iye tí ń yí padà. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti mọ bí a ti ń ṣọ́ báìtì ná kò ní dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.